Ẹ̀kọ́ sọ́fítíwíà kì í ṣe gbèsè ọmọ iṣẹ́: ọ̀rọ̀ mi sí àwọn ọ̀gá ayàwòrán ilé

1/
Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọ́fíìsì ayàwòrán ilé kékeré, ẹni 4, ẹni 6, ẹni 8, ẹ gbọ́ o: ẹ má kọ "ó gbọ́dọ̀ mọ Revit dunjú" sínú ìpolówó iṣẹ́ mọ́, nígbà tí owó oṣù tí ẹ fẹ́ san kò lè ra láptọ́ọ̀pù tó lè gbé Revit. Thread gígùn nìyí. Ẹ wá ìjókòó.

2/
Kí ẹ má baà ní mo kàn ń pariwo: architecture ni mo kà jáde, fídíò nípa ilé àti àwòrán ilé ni mo sì fi ń jẹun báyìí. Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú DM mi ni: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti lè kọ́ Revit lówó pọ́ọ́kú? Ọ̀gá mi ní kí n ti mọ̀ ọ́n kí oṣù tó parí."

Ẹ tún un kà. Ọ̀gá ló fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ló máa fi gba iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ló wá ń wá owó ẹ̀kọ́ kiri.

3/
Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ayàwòrán ilé: AutoCAD, tó ti wà láti 1982, ìlà la fi ń yà. O ya fèrèsé sórí plan, o tún yà á sórí elevation, o tún fọwọ́ kà á sínú àkójọ fèrèsé. Revit àti Archicad kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé gan-an lò ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. O sún fèrèsé kan, ó sún níbi gbogbo, àkójọ náà sì tún ara rẹ̀ ṣe.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ̀gá fi fẹ́ ẹ. Àṣìṣe ń dín kù, iṣẹ́ ń yá. Èrè yẹn, àpò ta ló ń wọ̀? Àpò ọ́fíìsì.

4/
Mo mọ̀ pé owó le. Láti 2016 ni Autodesk, tó ni AutoCAD àti Revit, kò ti ta á mọ́ kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan kó di tiyín. Ẹ óò máa san owó ìlò ni, bí ẹni ń san owó ilé. Ṣáájú àárín oṣù kẹfà 2023, dọ́là 1 jẹ́ bí ₦460 ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ti kọjá ₦1,500. Bí iye dọ́là náà kò tiẹ̀ yí padà, ní náírà ó ti lé ní ìlọ́po 3.

Àwọn olówó pàápàá ké. Ní oṣù keje 2020, àwọn ọ́fíìsì ńlá ní Britain, tí Zaha Hadid Architects wà lára wọn, kọ lẹ́tà gbangba sí Autodesk pé owó Revit ń gòkè, àtúnṣe tó ń bá a kò sì tó nǹkan. Tó bá ń ta wọ́n lára ní London, kí la fẹ́ sọ ní Mọ́kọ́lá?

5/
Nítorí náà, n kò sọ pé owó wà nílẹ̀ tí ẹ kàn ń háwọ́. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí ni ẹni tí ẹ di ẹrù náà rù.

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù ní ọ́fíìsì ló ń ra dátà, dátà tí NCC fọwọ́ sí ní January 2025 pé kí owó rẹ̀ lè fi tó 50% gòkè. Òun ló ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ lóru kó lè wo YouTube. Tó bá ń tòògbé ní aago 9 àárọ̀, ẹ ní "àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́." Ìfẹ́ wo? Ìfẹ́ kì í ra dátà.

6/
Èyí tó burú jù rèé. Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní sọ́fítíwíà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹ̀kọ́ nìkan. Wọ́n sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe fún iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Síbẹ̀ àwọn ọ́fíìsì kan ń sọ fún ọmọ tó wá ṣe IT pé, "Lo account school ẹ jàre," kó fi ya ilé oníbàárà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, orúkọ ta ló wà lórí account yẹn? Kì í ṣe ti ọ̀gá.

7/
Ẹ wo mẹkáníìkì àdúgbò yín. Ọkọ̀ oníbàárà ló fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú sípánà ṣọ́ọ̀bù. Kì í sọ pé, "Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì lóru nílé yín, tó o bá mọ̀ ọ́n tán kó o padà wá."

Ẹ ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń sanwó? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba dìgírí, tí àwòrán ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí sáìtì, tí ẹ sì ń gbowó lé e lórí, kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Òṣìṣẹ́ yín ni.

8/
Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta "Revit lọ́sẹ̀ 2 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí" náà. Ilé kan náà lẹ fi ń kọ́ gbogbo ayé. Lọ́jọ́ Monday, ọmọ náà padà sí ọ́fíìsì, wọ́n gbé iṣẹ́ gidi fún un: ògiri búlọ́ọ̀kù 9-inch níta, 6-inch nínú, àtẹ̀gùn tí oníbàárà ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri, iṣẹ́ wà nílẹ̀.

9/
Níbi tí mo ti ṣe IT, ọ̀gá gbìyànjú o. Ó san owó gọbọi kí bọ̀dá kan lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bọ̀dá yẹn mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àwa yòókù ń bá AutoCAD wa lọ. Gbogbo iṣẹ́ Revit kó sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí kò bá wá, iṣẹ́ dúró. Kò pẹ́, ó ríṣẹ́ síbòmíì, ó lọ. Ọ̀gá búra pé òun ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀kọ́ òdì ni ọ̀gá kọ́ níbẹ̀. Pé ó kọ́ ènìyàn kọ́ ló fa wàhálà. Pé ó kọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni.

10/
Kí wá ni kí ọ́fíìsì kékeré ṣe? Ẹ mú iṣẹ́ kékeré kan tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, bungalow oníyàrá 3 bí àpẹẹrẹ. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó ti fi ṣiṣẹ́ rí. Ẹ san owó fún un kó máa wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Friday, wákàtí 2, fún ọ̀sẹ̀ 12. Wákàtí 24 nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń yàwòrán á jókòó. Inú àkókò iṣẹ́ ni, dátà ọ́fíìsì, iná ọ́fíìsì. Owó olùkọ́ kan, ẹni 5 kọ́ ọ.

Fídíò ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ kò yẹ kó gba owó yín rárá. Autodesk ní ti wọn lọ́fẹ̀ẹ́, SketchUp Campus náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ máa wò ó láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ kó ibi tó bá ta kókó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ní Friday.

Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ jókòó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ á mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnnì, ọ̀gá á mọ ìdí tí lintel fi gbọ́dọ̀ kọjá etí fèrèsé.

11/
Tí ọ̀sẹ̀ 12 bá pé, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀: ilé tó parí, àti template ọ́fíìsì. Ògiri yín, ilẹ̀kùn yín, title block yín, gbogbo rẹ̀ nínú fáìlì kan. Ẹni tó bá lọ lọ́la kò lè gbé ìyẹn lọ tán. Ẹni tuntun tó bá dé, orí ẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

12/
Kí ẹ tó ra láìsẹ́ǹsì, ẹ bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Revit LT dín lówó, ṣùgbọ́n ènìyàn púpọ̀ kò lè jọ ṣiṣẹ́ lórí model kan nínú ẹ̀. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ àwòrán ẹlẹ́wà fún oníbàárà lẹ fẹ́, Blender kò gba kọ́bọ̀, kódà fún iṣẹ́ owó. FreeCAD náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, version 1.0 rẹ̀ jáde ní November 2024. Èmi ò ní kí ẹ ju Revit nù. Mo ní kí ẹ yé fi crack bo ohun tí ìṣirò lè yanjú.

13/
Ní ti owó, òfin ITF, lẹ́yìn àtúnṣe 2011, sọ pé ọ́fíìsì tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san 1% gbogbo owó oṣù ọdún kan fún Industrial Training Fund. Òfin kan náà ní ẹni tó san án, tó sì fi hàn pé òun dá òṣìṣẹ́ òun lẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe yẹ, lè gbà tó 50% rẹ̀ padà.

Ká ṣe é: ẹni 6, owó oṣù gbogbo wọn ₦1.2 million. Lọ́dún, ₦14.4 million. 1% jẹ́ ₦144,000. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦72,000. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè san apá kan lára owó olùkọ́. Ọ̀gá mélòó ló ti béèrè rẹ̀ rí?

14/
"Tí mo bá kọ́ wọn, wọ́n á lọ." Àwọn kan á lọ, ẹ má tan ara yín. Wọ́n ń lọ Canada, wọ́n ń lọ Lékkí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jẹ́ kó fi owó ara rẹ̀ àti oorun ara rẹ̀ kọ́ ọ, kí ló jẹ yín tí yóò fi dúró? Ẹ sì má di ìwé ẹ̀rí ọmọ ọlọ́mọ mú. Ìyẹn kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdè ni.

15/
Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá lọ sí interview tí wọ́n ní "ṣé o mọ Revit?", ẹ dáhùn, kí ẹ wá béèrè tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, láìsẹ́ǹsì ta la máa lò? Ṣé ọ́fíìsì ní template? Ìgbà wo lẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀?" Ojú tí wọ́n bá fi wò yín á sọ irú ọ́fíìsì tó jẹ́.

16/
Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a ò ní kí ẹ rán wa lọ Dubai. Wákàtí 2 lọ́jọ́ Friday, kí iná máa tàn, kí ẹ jókòó tì wá. Ẹ fi thread yìí sí WhatsApp group ọ́fíìsì yín. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín láti fi síbẹ̀, ẹ ti mọ irú ọ̀gá tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́.