"Iná Kú" Kò Tó: Lórí Orúkọ Àbùkù Iná nínú Ẹ̀rọ Ayankọfí

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlànà yìí kan náà ni ó yẹ kí ó máa darí ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí iná inú ẹ̀rọ ayankọfí tí ń lo gáàsì kò bá ṣe déédéé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu atúmọ̀ èdè ni "iná kú". Gbólóhùn yìí kò tó, nítorí pé àbùkù mẹ́rin tí àtúnṣe wọn yàtọ̀ síra ni ó dà pọ̀.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gáàsì a máa gba ihò tíntín kan jáde, a sì fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Àdàpọ̀ méjèèjì a wá máa jó ní ojú iná, lábẹ́ ìlù tí kọfí ń yí nínú rẹ̀. "Ojú iná" yìí kò ṣàjèjì, nítorí pé "sítóòfù olójú méjì" ti wà lẹ́nu ará ilé.

Bí àdàpọ̀ náà bá dọ́gba, ọwọ́ iná a ní àwọ̀ aró. Bí ìyàngbò kọfí bá dí ihò afẹ́fẹ́, ọwọ́ iná a pọ́n rúsúrúsú, a sì máa tú kábọ́ònù mónókísáìdì jáde, gáàsì olóró tí kò ní òórùn. "Àìtó-afẹ́fẹ́" ni kí a pe èyí, kì í ṣe "iná pupa": orúkọ àkọ́kọ́ ti sọ ohun tí a óò tún ṣe. Bí afẹ́fẹ́ tàbí ipá gáàsì bá pọ̀ jù, ọwọ́ iná a fò kúrò lójú rẹ̀, "ìfòkúrò" nìyẹn. Bí àdàpọ̀ bá ń jáde lọ́ra jù, iná a padà wọnú ọ̀pá, "ìpadàwọnú" nìyẹn. Ẹ̀kẹrin nìkan ni "ikú-iná". Nígbà náà ni "aṣọ́ná", irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ooru iná ń mú kí ó pèsè ìwọ̀nba iná mànàmáná tí ń di fáàfù mú ní ṣíṣí, yóò tutù, tí fáàfù yóò sì padé. Ẹni tí ó bá sì fi àmì ohùn ṣeré, "aṣọ́nà" ni yóò kọ.

Àwọn kan lè sọ pé kí a yá gbogbo rẹ̀ lò láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Yíyá orúkọ ohun èlò, bíi fáàfù, kò burú. Ṣùgbọ́n orúkọ àbùkù gbọ́dọ̀ la ojú ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ọdún mẹ́fà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fi hàn pé èdè yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè lásán. Ẹni tí ìwé sọ fún pé "iná kú" lè ṣá ìṣáná lójú ẹsẹ̀. Gáàsì propéènì sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó máa ń kóra jọ sí. Kí atúmọ̀ èdè lọ dúró ti ẹ̀rọ náà, kí ó wo iná rẹ̀ dáadáa, kí ó tó fún àbùkù rẹ̀ lórúkọ.