Ológbò Tó Ń Rọbí: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Sáré?

Ológbò ò sí nílé, ilé dilé èkúté. Ẹ bi ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà léèrè, yóò ṣàlàyé fún yín. Kó tó ní ológbò, kò sí àpò ẹ̀wà tí eku kì í dá lu. Ológbò dé, eku sá. Nígbà tí ẹran náà wá lóyún, inú ìyá dùn, àwọn tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti ń tọrọ ọmọ sílẹ̀.

Àfi bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ṣe dé. Ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láàárọ̀, oòrùn kan àtàrí, ọmọ kan ò yọ. Ẹnìkan ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, ṣé ẹranko náà ń gba agbẹ̀bí ni?" Òmíràn ní kí wọ́n lọ ra abẹ́rẹ́ tó ń mú ọmọ wálẹ̀ wá ní kẹ́míìsì. Ọmọ ìyá náà tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko."

Wọ́n gbé e sínú páálí, ó di ọ̀nà. Ọmọ kan ló dábùú, tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé wọn jáde. Ọ̀kan ti kú, mẹ́ta yè, ìyá wọn náà yè. Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ ọjọ́sí fún un ńkọ́? Ilé ọmọ ì bá ya, tìyá-tọmọ ì bá bá a lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbọ́ o. Oyún ológbò máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, bí ọjọ́ 63 sí 65. Bí ọjọ́ bá pé, kò ní í fẹ́ jẹun, á máa wá kọ̀rọ̀, á máa fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ìyẹn lè tó wákàtí 12 sí 24, kò tíì di ewu. Ẹ tẹ́ àkísà tó mọ́ sínú páálí fún un, ẹ má jẹ́ kí èrò pé lé e lórí. Bí ọmọ bá fẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá, ẹ má pariwo; ó wọ́pọ̀ láàárín ológbò. Bó bá bí méjì tó sinmi, tó ń jẹun, tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ fi lọ́rùn sílẹ̀.

ÌGBÀ TÓ YẸ KẸ́ Ẹ SÁRÉ

Bó bá ń fi gbogbo agbára tì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tọ́mọ ò yọ. Bí ọmọ bá yọ díẹ̀, tó há síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀. Bí omi dúdú tàbí omi tó ń rùn bá ṣáájú ọmọ àkọ́kọ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè gbórí sókè mọ́. Èyíkéyìí nínú wọn, dókítà ẹranko ni o! Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta náà.

Bí ọmọ bá jáde tòun ti awọ tó bò ó, tí ìyá ò já a, ẹ fọwọ́ tó mọ́ já a kíákíá. Ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ ra á lára títí yóò fi ké. Ẹ má fa ìwọ́ rẹ̀. Ẹ má sì fún ìyá ní oògùn ara ríro tèèyàn. Parasitamọ́ọ̀lù ẹyọ kan ṣoṣo lè pa ológbò.

Àwọn kan á ní, "Owó dókítà nítorí ológbò?" Kí wọ́n lọ ṣírò iye ẹ̀wà tí eku ń jẹ lọ́dún kan ná. Ẹni tó ń ṣọ́ ọjà ẹni, ó yẹ ká ṣọ́ òun náà lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.