OWÓ ÌRÀNWỌ́ FÚN ÀWỌN TÍ Ń ṢE EPO

Bí a bá dárúkọ owó ìrànwọ́ ìjọba, epo bẹntiróòlù ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ sí, láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé ti orí rẹ̀ ti dópin. Epo tí àwa ń wí ni epo pupa, àti ekùrọ́ tí ó bá a rìn. Ẹni tí ó bá jáde ní Adó, tí ó gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, yóò rí ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì. Bí ìjọba bá gbé owó kalẹ̀ nítorí ọ̀pẹ wọ̀nyí, ta ni yóò gbà á?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àánú ni àgbẹ̀ ń tọrọ. Ní 1949 ni wọ́n dá Bọ́ọ̀dù tí ń ra epo àti ekùrọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹkùn tiwa. Bọ́ọ̀dù ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Èrè tí ó bá lé nígbà tí ọjà bá yá ní òkè òkun, Bọ́ọ̀dù ni ó ń mú un pamọ́, wọ́n ní ọjọ́ tí ọjà bá kú ni àwọn yóò fi gbé àgbẹ̀ ró. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ná sí iṣẹ́ ìlú, àwa kò sì sọ pé gbogbo iṣẹ́ náà kò dára. Bọ́ọ̀dù ti kúrò nílẹ̀ láti 1986. Gbèsè àgbẹ̀ kò bá a lọ.

Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ dán ohun kan wò tí ó wù wá. Wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, òun a sì fi í ra àpò ajílẹ̀ méjì ní ìdajì owó. Ọ̀mọ̀wé Akinwumi Adesina, tí ó jẹ́ Mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, sọ pé ṣáájú èyí, nínú 100 àgbẹ̀, 11 péré ni irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Fóònù yọ alágbàtà kúrò láàárín. (Ẹni tí kò ní fóònù ń kọ́?) Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù.

Ta tilẹ̀ ni àgbẹ̀ ọlọ́pẹ? Nínú àṣà wa, onílẹ̀ ni ó ni ọ̀pẹ. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu àti àgbàdo, ṣùgbọ́n igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀ kì í sábà sí nínú àdéhùn rẹ̀. Ọkùnrin ni ó ń gun ọ̀pẹ. Obìnrin ni ó ń se ẹyìn, òun ni ó ń fún epo, òun ni ó ń pa ekùrọ́, ekùrọ́ sì ti jẹ́ tirẹ̀ láti ayé àwọn ìyá wa. Bí akọ̀wé ìjọba bá dé abúlé, tí ó ní kí baálé ilé pe orúkọ, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò kọ sílẹ̀, bóyá ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan epo rí.

Ohun mìíràn ni pé ọ̀pẹ kì í ṣe àgbàdo. Irú èyí tí a mú dára, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí ó ti wà nítòsí Benin láti 1939 ń pèsè, ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó so. Owó tí a san lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún ìdìbò, kò lè gbé e débẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí a pín in sí ọdún mẹ́rin, kí a sì máa wo oko kí a tó san èyí tí ó kàn.

Kí a kọ orúkọ ìyàwó sí ìwé lọ́tọ̀, kí a kọ ti ẹni tí ó yá ilẹ̀ pẹ̀lú. Kí a sì lẹ ìwé náà, àti iye owó, mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má ṣe fa orúkọ alátakò yọ níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, a bẹ̀ yín, ẹ kà á sókè ní ọjọ́ ọjà fún àwọn tí kò mọ̀wé. Bí ẹ bá rí orúkọ ẹni tí ó ti kú níbẹ̀, tàbí ti ẹni tí ó ti ń gbé Èkó láti ogún ọdún, ẹ kọ̀wé sí wa.