Ẹ̀yin Òbí Wa ní Peckham, Ẹ Jáde Dìbò

Ìbò kánsù ń bọ̀ ní Southwark lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2026. Mi ò ní sọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa dìbò fún, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ jáde, torí àdúgbò tí kì í dìbò, àwọn olóṣèlú kì í kà á sí.

Ọmọ ọdún 15 ni mí. Kánsù ló ń kó ìdọ̀tí wa, òun ló ń bójú tó ibi ìkàwé àti ọgbà ìṣeré wa, òun náà ló ni ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Gbogbo rẹ̀ kàn mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè dìbò. Ẹ̀yin ni ẹnu wa.

Tí ẹ bá gba Rye Lane kọjá lọ́jọ́ Sátidé, Yorùbá ni ẹ ó máa gbọ́ nídìí iṣu àti ata. Abájọ tí àwọn èèyàn fi ń pe Peckham ní Èkó kékeré. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìbò, ṣé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n dìbò yan Méyọ̀ London ní 2024, nínú èèyàn 100 tó forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo London, bíi 40 péré ló dìbò.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa.

Èkíní: "Àwa kì í ṣe ọmọ onílùú." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó sì ní físà tàbí ìwé ìgbélùú, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò níbí, ìbì kánsù ni o, ìbò ilé aṣòfin ni o. Kò dìgbà tí ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù ìlú yìí.

Èkejì: "Ẹgbẹ́ kan náà ló máa wọlé." Òótọ́ ni pé Harriet Harman ti ẹgbẹ́ Labour ṣojú Peckham nílé aṣòfin láti 1982 títí di 2024. Nínú kánsẹ́lọ̀ 63 tí Southwark yàn ní 2022, Labour ní 52. Àmọ́ ẹ wo ohun kan. Lẹ́yìn ìbò, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú lè gba ìwé tó ń fi orúkọ àwọn tó jáde dìbò hàn. Kì í fi ẹni tí wọ́n dìbò fún hàn o. Tí wọ́n bá tún fẹ́ kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ta ni wọ́n máa kàn? Ti ẹni tó ń dìbò ni. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ kì í sábà pa ìbò jẹ. Ẹni tó ń háyà ilé, tó ń kó kiri lọ́dọọdún, orúkọ rẹ̀ lè má sí nínú ìwé rárá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni líìfù ilé rẹ̀ ń bàjẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀kẹta: "Wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993 lójú yín. Ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nílé lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò ààrẹ kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Ó dùn yín, ó sì tọ́ kó dùn yín. Ṣùgbọ́n níbí, ìwé ni wọ́n ń tẹ̀, aṣojú àwọn olùdíje sì máa ń dúró wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹ má fi ìbínú ti ọ̀hún pa ohùn yín ti ìhín.

Kò le rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀, kò sì gba àkókò. Tí ẹ bá ti kó kúrò ní ilé àtijọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ mú ìwé tó ní fọ́tò dání lọ. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wúlò, kódà bó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, tí fọ́tò náà bá ṣì jọ yín. Aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ lè béèrè pé kí wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwa la sábà máa ń bá mọ́mì àti dádì ṣe fọ́ọ̀mù. Ẹ bá wọn ṣe eléyìí náà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti pé 16 sì lè forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tó máa pé 18.