Fatiláísà Kì Í Ṣe Májèlé: Sí Gbogbo Ẹni Tó Ní Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Láti Ọjà Ọba ní Òṣogbo títí dé Ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ óò gbọ́ lẹ́nu oníbàárà ẹ̀fọ́: "Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi fatiláísà gbìn?" Ìbẹ̀rù yìí ti wọ inú ilé. Ẹ̀yìnkùlé tó yẹ kó máa bọ́ ìdílé ń hu tẹ̀tẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí kò ga ju kókósẹ̀ lọ, nítorí ìyá ilé ti gbọ́ pé májèlé ló wà nínú àpò. Irọ́ ni, ó sì ti pẹ́ jù nílẹ̀.

Kí ló wà nínú àpò yùríà, irú fatiláísà kan? Nínú kílò 50, kílò 23 jẹ́ nítrójìn, ohun kan náà tó pọ̀ jù lọ nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Yùríà fúnra rẹ̀ wà nínú ìtọ̀ yín. Ní 1828, Friedrich Wöhler, ará Jámánì, ṣe é láìlo kíndìnrín ènìyàn tàbí ti ẹranko, bákan náà ló sì rí pẹ̀lú ti inú ìtọ̀. Èyí tí à ń rà lónìí, gáàsì abẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt àti ní iléeṣẹ́ Dangote ní Lekki tí wọ́n ṣí ní 2022.

Ẹ ní ti ìgbẹ́ adìyẹ dára, torí pé Ọlọ́run ló dá adìyẹ. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í jẹ ìgbẹ́. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́ di amóníà, tí wọ́n á sì sọ amóníà di náítréètì, kí gbòǹgbò tó lè fà á mu pẹ̀lú omi. Ojú ọ̀nà yẹn náà ni yùríà ń gbà, àfi pé ó yá ju ìgbẹ́ lọ. Nígbà tí náítréètì bá dé ẹnu gbòǹgbò, tẹ̀tẹ̀ kì í bi í pé ọmọ ta ni.

"Àwọn bàbá wa kò lo fatiláísà." Wọn ò lò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbìn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí igbó tún bò ó. Ta ló rí àyè yẹn ní Òkè-Fíà tàbí ní Ìsọ̀kun? Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tó hù sí etí àkìtàn ló máa ń tutù yọ̀yọ̀. Nítrójìn nìyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Tọ́ọ̀nù àgbàdo kan ṣoṣo ń kó bíi kílò 15 nítrójìn kúrò nínú ilẹ̀. Òjò tiwa, tó ju mílímítà 1,200 lọ lọ́dún, sì ń fọ náítréètì tó ṣẹ́ kù lọ sísàlẹ̀, pàápàá nínú ilẹ̀ oníyanrìn. Ilẹ̀ ń ka gbogbo rẹ̀ sí gbèsè. Bí òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ ló rí: yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yín, kò sì ní dìde títí ẹ ó fi san án.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣu, èyí tí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò lè fi iyán ṣeré. Wọ́n ní iṣu fatiláísà kì í pẹ́ rà, iyán rẹ̀ a sì máa lómi. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí irọ́ náà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá da nítrójìn sẹ́sẹ̀ iṣu ní àdàjù, tàbí tó pẹ́ kó tó fi sí i, ewé ló máa kó jọ. Iṣu rẹ̀ ò ní gbó bó ṣe yẹ kó tó wà á. Iṣu tí kò gbó a máa lómi, ìbáà jẹ́ ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi gbìn ín. Ohun tó ń mú iṣu rà ni ojú ọgbẹ́ tí ọkọ́ àti àdá dá sí i, èbu tó gba ojú ọgbẹ́ wọlé, aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀, àti ibi ìkó-sí tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ṣé iṣu kì í rà kí àpò àkọ́kọ́ tó dé Nàìjíríà ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀bi wà gan-an, torí n kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àpò. Yùríà tó kan gbòǹgbò á jó o. Èyí tí ẹ bá fọ́n sórí ilẹ̀ lásán, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fún ilẹ̀ ní ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni lílò ó lọ́dọọdún máa ń mú ilẹ̀ kan; nítorí náà ẹ má pa ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé jíjẹrà tì. Eérú ń dín kíkan yẹn kù, àmọ́ ẹ má da òun àti yùríà pọ̀ lọ́jọ́ kan náà: òórùn tó máa ta yín nímú, owó yín ló ń fò lọ yẹn. Ẹni tó bá sì ń wá májèlé tòótọ́, kí ó lọ wo ohun tí àwọn awakùsà góòlù ń ṣe sí odò ní agbègbè Iléṣà.

Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 1, kò nílò ju bíi gíráàmù 60 yùríà lọ. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì: bíi síbí ìjẹun mẹ́ta, kí ó má ga ju etí síbí lọ, nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ti hù, ìyókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹ la ojú ilẹ̀ díẹ̀ sí àárín ìlà, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó, ẹ bomi rin ín. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ti ìkẹyìn kí ẹ tó já ẹ̀fọ́, torí náítréètì àpọ̀jù nínú ewé kò dára, yálà láti inú àpò ló ti wá tàbí láti ìdí adìyẹ. Ní orílẹ̀-èdè Niger, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ICRISAT kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti máa fi ìdérí ìgò wọn fatiláísà sẹ́sẹ̀ ọkà. Àwọn yẹn ò ní owó tí wọ́n lè fi ṣòfò.

Ẹni tí kò bá tíì gbà, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀dì méjì síra wọn nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Kí ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí méjèèjì, kí ó fi yùríà sí ọ̀kan bí a ṣe wọ̀n ọ́n yìí, kí ó da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí èkejì. Kí ó se méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí ó gbé wọn fún ẹni tí kò bá a dé ọgbà, kí ó sì ní kí onítọ̀hún fi èyí tó ti inú àpò jáde han òun.