Ọ̀dà Kò Lè Wo Irin Tí Ó Ti Jẹrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ìlú tí òwe yìí bá mu bí ó ti bá Onitsha mu kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọjà ńlá ìlú náà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Main Market, tí a kọ́ ní ọ̀nà ìgbàlódé láàárín ọdún 1950 sí 1960, jóná nígbà ogun abẹ́lé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1967 tí ó sì parí ní 1970. Àwọn ọlọ́jà kò káwọ́ gbera. Wọ́n tún un kọ́, ó sì wà lónìí lára àwọn ọjà tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí. Ẹni tí yóò tún ilé tí ó jó kọ́ kì í kun ọ̀dà sára ògiri tí iná ti là. Ó ní láti kọ́kọ́ wó èyí tí kò dára dànù, kí ó tó mọ èyí tí yóò dúró.

Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ìdálẹ̀ mú lò lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ìdílé ní Onitsha, ní Kaduna, ní Jos àti ní Kánò, ọkọ̀ bàbá wà níbẹ̀ tí koríko ti yí ká. Bí kò bá jẹ́ Peugeot 504, a jẹ́ Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kaduna. Ọdún náà gan-an ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ìdílé la afárá Odò Ọya kọjá, láàárín Asaba àti Onitsha, lọ sí ilé fún Iléyá, fún Kérésìmesì, fún ìgbéyàwó àti fún ìsìnkú. Ọmọ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí ìlú bàbá rẹ̀.

Nígbà tí bàbá bá di àgbà tàbí tí ó bá papò dà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Wọ́n lè ta ọkọ̀ náà fún àwọn tí ń ra àlòkù irin. Wọ́n lè pe ẹni tí yóò fi pọ́tì dí ojú ihò, tí yóò kun ọ̀dà tuntun sí i, kí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo. Wọ́n sì lè tún ara rẹ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ọ̀nà kejì ni ó pọ̀ jù lọ ní ìgboro, òun náà sì ni ó burú jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí tí ó fi burú kò ṣòro láti lóye. Pọ́tì kì í ṣe irin. Ìpara líle ni, tí a ṣe láti fi tẹ́jú ibi tí òòlù kò lè tẹ́jú tán. Bí ó bá ti nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, ó ti ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí òjò bá sì rí ojú ibi tí ó ti sán, pọ́tì yóò mu omi bí kànìnkànìn, yóò sì gbé omi náà lé irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí. Lójú àlejò, ọkọ̀ ń dán bí ọ̀ṣọ́. Lábẹ́ ọ̀dà, ìpáàrà ń jẹun lọ́sàn-án àti lóru. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ẹwà lọ. Peugeot 504 tí a fi ń gbé ìdílé kò ní ṣáàsì ọ̀tọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ara ọkọ̀ náà gan-an ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí irin tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bá ti jẹ tán, ọkọ̀ náà kò lágbára mọ́, ohun yòówù kí ọ̀dà máa sọ. Ti Ìjàpá yàtọ̀ díẹ̀: orí pẹpẹ irin ni a gbé ara rẹ̀ lé, tí a sì fi bóòtù dè é. Síbẹ̀, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà. Ásíìdì a máa kán sílẹ̀ níbẹ̀, pẹpẹ náà a sì jẹ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá forí sọ ọkọ̀ mìíràn ní òpópó ọ̀nà Benin, pọ́tì kò ní gba ẹnikẹ́ni là.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kò nílò ju òòfà kékeré kan lọ. Kí ó máa fi gba ara ọkọ̀ náà káàkiri. Ibi tí irin wà, òòfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí pọ́tì wà, yóò já bọ́. Lẹ́yìn náà kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀, kí ó wo inú búùtù níbi tí táyà ìpààrọ̀ ń gbé, kí ó wo òkè táyà láti inú, kí ó sì wo abẹ́ gíláàsì iwájú. Ibi tí omi bá ti ń dúró ni ìpáàrà ti ń kọ́lé.

Àtúnṣe tòótọ́ ní ìlànà. A kọ́kọ́ ń yọ bátìrì àti táǹkì epo kúrò, nítorí pé iná wẹ́dà àti èéfín bẹntiróòlù kì í ṣe ọ̀rẹ́. A ó ha ọ̀dà àtijọ́ títí a ó fi rí ojú irin. Ibi tí ó bá ti jẹrà, a ó gé e dànù títí tí a ó fi kan irin tí ó gbó, a ó sì gé irin mìíràn tí ó nípọn bákan náà dí i. Wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ kì í jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò tò ó ní ẹyọ-ẹyọ, yóò ti apá ọ̀tún bọ́ sí apá òsì, nítorí pé ooru a máa ká irin pẹlẹbẹ kò. Ibi tí ó tẹ̀ wọnú, pánẹ́ẹ̀lì-bítà yóò fi irin kan tì í lẹ́yìn, yóò máa fi òòlù lù ú níwájú, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Irin tí a bá lù ní ìlù ìbínú yóò fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì ní padà sí ojú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ń dènà ìpáàrà, lẹ́yìn rẹ̀ pọ́tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbi tí ó bá pọn dandan, kí ọ̀dà gan-an tó kàn. Àkókò pàápàá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Bí a bá kun ọkọ̀ nígbà ọyẹ́ ní ìta gbangba, eruku yóò bà lé e. Bí a bá kùn ún nígbà òjò, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ a máa mú kí irú ọ̀dà kan funfun bí ìkùukùu. Níkẹyìn, bí àwọ̀ ọkọ̀ bá yí padà, kí a mú ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí ń fúnni ní ìwé ọkọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí olópàá má baà sọ olódodo di olè.

Fún ẹni tí ó wà ní Onitsha, kò sí àwáwí pé kò rí ohun èlò tàbí oníṣẹ́. Ẹni tí ó bá ra ọjà rẹ̀ tán ní Main Market kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé Nkpor, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tàbí Mgbuka ní Obosi, níbi tí àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ sí. Nnewi náà kò jìnnà, ìlú tí òwò ẹ̀yà ọkọ̀ gbilẹ̀ sí lẹ́yìn ogun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti orí títa bọ́ sí orí ṣíṣe. Mọ́gáàdì Ìjàpá ṣeé tú bóòtù rẹ̀ kí a fi òmíràn rọ́pò. Ta ni yóò wá máa fi pọ́tì mọ ọ́ bí ẹni ń mọ ìkòkò?

Àwọn kan yóò sọ pé èyí jẹ́ ìnáwó asán: owó ilé-ìwé ọmọ wà nílẹ̀, owó ilé wà nílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ènìyàn máa tún irin àtijọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó yẹ kí a jí dìde. Èyí tí eegun rẹ̀ ti jẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí a yọ ohun tí ó wúlò lára rẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn, kí a sì jẹ́ kí ìyókù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí eegun rẹ̀ le, tí ìdílé sì lè máa tún ṣe ní ìpele-ìpele bí owó ti ń wọlé, kí ni ìdí tí a ó fi pa á? Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a náwó díẹ̀ lórí irọ́, kí a sì pe irọ́ náà ní àtúnṣe.

Nítorí pé ẹnìkan ni yóò ra irọ́ náà. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó owó jọ ní ìdí òwò rẹ̀, tí yóò sì fi ọkọ̀ náà gbé ìyàwó àti ọmọ. Ọjọ́ tí ilẹ̀ ọkọ̀ bá ya lójú ọ̀nà, kò ní sọ pé ẹnì kan báyìí ni ó rẹ́ òun jẹ; yóò sọ pé ọmọ Yorùbá kan ni. Àlejò ní ìlú onílùú kì í dá orúkọ tirẹ̀ nìkan gbé. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, kò sì sí ọ̀dà tí a lè fi tún un kùn bí ó bá bàjẹ́.

A tún gbọ́dọ̀ rántí pé àpá mìíràn wà tí kò yẹ kí a pa rẹ́. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Onikan, Èkó, ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, 1976, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Bí pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan bá dí ihò wọ̀nyẹn, ìtàn ni ó dí mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí ó wà ní Umuahia, níbi tí a tọ́jú àwọn ọkọ̀ ìjà tí àwọn oníṣẹ́ irin Biafra fi ọwọ́ ara wọn ṣe nígbà ogun. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò mọ̀ pé ọgbọ́n lílu irin ní apá ibẹ̀ kì í ṣe ti àná. Bí ọkọ̀ bàbá bá ní àmì kékeré kan tí gbogbo ilé mọ ìtàn rẹ̀, kò burú bí àwọn ọmọ bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù fún àwọn òbí. Ọ̀pọ̀ ni ó ka iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà sí iṣẹ́ ẹni tí ìwé kò yé. Wọ́n gbàgbé pé Ògún ni olórí oníṣẹ́ irin, àti pé W. Akinola Dawodu, tí ó ti ń ta ọkọ̀ tí ó sì ń tún un ṣe ní Èkó kí ó tó kú ní 1930, ní ọlá láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ tí ó bá wà ní Onitsha lè wo bí àwọn Ìgbò ti ń sin ọ̀gá fún iye ọdún tí wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn, kí ọ̀gá tó fún wọn ní owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò. Ó sì lè pa á pọ̀ mọ́ àṣà Yorùbá, níbi tí ọmọṣẹ́ ti ń gba ìwé-ẹ̀rí ní ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù. Kí ó kọ́ èdè onílùú pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó gbọ́ èdè ọ̀gá ni ọ̀gá ń fi àṣírí iṣẹ́ hàn. Kí àwọn ọ̀gá náà sì máa dáàbò bo àwọn ọmọṣẹ́ wọn: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, èéfín ọ̀dà tí a ń po mọ́ kẹ́míkà tí ń mú un gan a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àgbá kábáàdì sì ti bú gbàmù mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Aṣọ tí a ta mọ́ imú kò tó. Ìbòmú gidi ni ó yẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ọkọ̀ tí ó wà nínú koríko yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ohun tí a ó fi lu ọmọnìkejì ní jìbìtì. Kí wọ́n mú òòfà, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Bí ó bá lè yè, kí wọ́n wo egbò rẹ̀ dé eegun. Bí kò bá lè yè, kí wọ́n fi òtítọ́ sin ín.