Lẹ́tà Mọ́kànlélógún: Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Àmì Orí Orúkọ Ọmọ Wa

 

Oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá. Ẹ má tíì sá o! Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí àwọn ìdílé ń gbé sórí tábìlì ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni, àti àwọn èèyàn tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kú. Mo fẹ́ sọ ìdí tó fi yẹ kí òbí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá bá wọn dara pọ̀.

Irú ẹ̀rọ wo ni?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ilé iṣẹ́ Sinclair Research ní ìlú Cambridge gbé ZX Spectrum jáde. Èyí tó ní 16K jẹ́ pọ́n-ùn 125, èyí tó ní 48K jẹ́ pọ́n-ùn 175. Ṣáájú ìyẹn, ní ìparí ọdún 1981, ilé iṣẹ́ Acorn, tí òun náà wà ní Cambridge, ti gbé BBC Micro jáde, èyí tó wọ ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí ní Ìlú Ọba. Lọ́dún 1982 kan náà ni Commodore 64 jáde ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá rí ẹni tó ṣe ọmọdé níbí láyé ìgbà yẹn, ẹ dárúkọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ á ṣe tàn.

Tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ géèmù máa ń wà, irú kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn òbí wa fi ń gbọ́ Ebenezer Obey àti Sunny Adé. Ẹ ó tẹ rẹ́kọ́dà, ẹ̀rọ á máa han gooro fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ni géèmù á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Tí ẹ bá kàn tan ẹ̀rọ náà láìsí kásẹ́ẹ̀tì, kò sí àwòrán kankan tí ẹ máa fọwọ́ tẹ̀. Ó kàn ń dúró ni, kí ẹ kọ nǹkan sí i ní èdè BASIC. Ọmọ tó bá fẹ́ kó ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

48K yẹn mà kéré o. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà, tó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì mẹ́ta, ó tó ìlọ́po 64 gbogbo àyè inú ẹ̀rọ náà. Torí pé ó kéré bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré lè mọ tinú-tẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa fóònù òde òní?

Bí wọ́n ṣe ń gba àlejò

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tọkùnrin tobìnrin, àgbà àti ọ̀dọ́. Wọ́n ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rọ́bà Spectrum, ọ̀rá pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń gan, tó sì máa ń ya tó bá ti pẹ́. Wọ́n mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n mọ èyí tó máa ń gbẹ tàbí tó máa ń jò nínú àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀. Wọ́n ń kó ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà tuntun kí téèpù tó bàjẹ́ tán. Wọ́n ṣì ń kọ géèmù tuntun fún un títí dòní.

Ọjà àlòkù ni mo ti ra Spectrum kan tó ti kú, ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ìwà ibẹ̀ jọ ìwà ilé wa. Ẹ ò kàn ní já wọlé kí ẹ ní, "Ẹ̀rọ mi ò ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí." Ẹ ó kọ́kọ́ kí ará ilé. Ẹ ó sọ ẹni tí ẹ jẹ́, irú ẹ̀rọ tí ẹ ní, ohun tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, àti ohun tí ẹ ti dán wò. Ẹ ó ya fọ́tò inú rẹ̀. Ẹ ó wò ó bóyá ẹnì kan ti béèrè irú rẹ̀ rí. Tí ìmọ̀ràn wọn bá ṣiṣẹ́, ẹ ó padà wá dúpẹ́, ẹ ó sì ṣàlàyé bó ṣe lọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà. Àbí ta ló ń jẹun tán tí kì í kí ìyá tó se é?

Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í fi ẹni tuntun ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí gan-an nìyí. Èmi ni mo dá ara mi kọ́ ní Yorùbá, nígbà tí mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára kí èèyàn la ẹnu, kí gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú yín náà mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú wa ti torí ẹ̀rín yẹn dákẹ́, wọn ò sọ ọ́ níwájú ẹbí mọ́, àwọn ọmọ wọn ò sì gbọ́ ọ rárá. Níbi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n á dá ẹni tó béèrè ohun tó rọrùn jù lọ lóhùn, wọ́n á fà á lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé tí ẹni tuntun ò bá wọlé, ọjọ́ tí àwọn bá lọ ni ìmọ̀ náà á bá wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n àti àǹtí tó ń fi ohùn yín ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ tí wọ́n bá ń fi rẹ́rìn-ín, kò ní béèrè mọ́.

Àyè mọ́kànlélógún

Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn bi mí léèrè nípa àwọn àmì tó wà lórí orúkọ mi, àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ọkọ ni ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ là ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ọkọ́ làgbẹ̀ fi ń ro ilẹ̀, oko ló sì ń ro. Tí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó wá ní, "Ṣé Spectrum lè kọ ọ́?"

Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, kò lè kọ ọ́. Àmọ́ Spectrum fi àyè 21 sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, láti A dé U, kó ya lẹ́tà tó bá wù ú síbẹ̀. Mo bá mú bírò, mo kà á. Ẹ bá mi kà á:

Fáwẹ̀lì a, e, i, o, u, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀: 10.
Ẹ àti ọ, láìlámì, pẹ̀lú àmì òkè, àti pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀: 6.
Ṣ: 1.
Ń àti ǹ: 2.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19! Gbogbo lẹ́tà kékeré tí Yorùbá nílò ló gbà, àyè méjì sì tún kù. Mo fi Ẹ ńlá àti Ọ ńlá síbẹ̀. Ṣ ńlá kò ráyè, kí ẹ̀yin Ṣadé àti Ṣọlá má bínú sí mi. Tó bá jẹ́ BBC Micro ni, àyè 32 ló ní, Ṣ ńlá náà á ráyè jókòó.

Bí a ṣe ń ya ẹ́ tó ní ìsàlẹ̀

Ẹ mú ìwé ìṣirò tó ní àpótí kéékèèké. Ẹ fa ilà yí àpótí mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró ká. Lẹ́tà kan ṣoṣo nìyẹn. Àpótí tó dúdú ni 1, èyí tó funfun ni 0. Nínú Spectrum, ara lẹ́tà e gba ìlà márùn-ún ní àárín. Ìlà méjì ṣófo lókè, ọ̀kan ṣófo nísàlẹ̀. Ọrùn l àti ẹsẹ̀ p ni wọ́n ṣe fi àyè yẹn sílẹ̀, àmọ́ ó bá wa lára mu: àmì ohùn lọ sókè, àmì ìsàlẹ̀ dúró lábẹ́. Ẹ wo ẹ́:

00001000
00010000
00111000
01000100
01111000
01000000
00111100
00010000

Àyè náà há, nítorí náà àmì abẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà. Ó wá dà bí ilà kékeré tí àwọn ìwé Yorùbá kan máa ń fà sábẹ́ ẹ àti ọ dípò ẹyọ àmì. Kò burú rárá.

Iye tí àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́, láti ọwọ́ òsì, ni 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1. Ẹ ro iye àwọn èyí tó dúdú pọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti gba bírò lọ́wọ́ mi. Mo ní kó máa pe ìdáhùn rẹ̀ ní Yorùbá: mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, méjìdínláàádọ́rin, ọgọ́fà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ọgọ́ta, mẹ́rìndínlógún. Òǹkà tó máa ń sá fún tẹ́lẹ̀ ló ń kà yẹn, torí pé kọ̀ǹpútà ń dúró de ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí a wá kọ sí i nìyí:

10 FOR i=0 TO 7
20 READ n
30 POKE USR "a"+i,n
40 NEXT i
50 DATA 8,16,56,68,120,64,60,16
60 PRINT CHR$ 144

Ẹ kọ RUN, ẹ́ tó ní ìsàlẹ̀ á jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: èmi ni mo mọ BASIC, àmọ́ ojú tirẹ̀ ló rí i pé àmì ọ̀ tí mo yà kọ́kọ́ jọ ti ọ́.

"Ta ló ya ti inú fóònù?"

Ìbéèrè tó bi mí lẹ́yìn náà nìyẹn: "Dádì mi, ta ló ya ti inú fóònù?" Ìbéèrè gidi ni. Nínú Unicode, ètò tí àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ ní, ṣ náà ní. Àmọ́ ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Fóònù á mú ẹ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Tí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà ò bá mójú tó o, àmì á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ẹ kọ orúkọ ọmọ dáadáa sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ní àmì inú rẹ̀ kò tọ́. Lẹ́tà dé láti ilé ìwé, gbogbo àmì ti lọ. Ọmọ tó ń rí èyí lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé orúkọ òun ló ní àbùkù, òun fúnra rẹ̀ á máa yọ àmì náà kúrò kó má bàa yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí mo ń bá jà nìyẹn. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹ́ mọ̀ pé èèyàn ló ń ya lẹ́tà, èèyàn ló ń pinnu èyí tó máa wọlé. Tí fọ́ọ̀mù kan bá kọ orúkọ rẹ̀, ó mọ̀ pé prógíráàmù náà ni kò pé. Orúkọ rẹ̀ pé.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ má náwó ná. Prógíráàmù ọ̀fẹ́ wà tó ń sọ láptọ́ọ̀pù di Spectrum. Fuse jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ohun tí mo kọ sókè yìí á sì ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú rí ẹ̀rọ gidi, ẹ mú wọn lọ sí Centre for Computing History ní Cambridge, tàbí The National Museum of Computing ní Bletchley Park.

Tí ẹ bá ra àlòkù, ẹ má kàn kì í bọ iná. Spectrum ń lo iná fólítì mẹ́sàn-án, òdì sì ni àárín ẹnu wáyà rẹ̀. Ṣájà tó kàn bá ihò rẹ̀ mu lè bà á jẹ́ pátápátá. Nínú páwà BBC Micro àtijọ́, ohun kan wà tó máa ń bú, tó sì ń rú èéfín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì àtijọ́ láé. Iná tó lè pààyàn lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ ìbéèrè rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ilé ìwé rẹ̀ tàbí àdúgbò tó ń gbé fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn dáadáa ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ àjèjì ṣì ni wọ́n.

Iṣẹ́ àṣetiléwá oṣù yìí kò nílò kọ̀ǹpútà rárá. Ìwé alápòótí, bírò, àti lẹ́tà kan tó ní àmì nínú orúkọ ọmọ yín. Kí ọmọ yà á nínú àpótí mẹ́jọ sí mẹ́jọ, kó ro ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì ka ìdáhùn rẹ̀ ní Yorùbá. Tí òǹkà bá há yín náà lọ́nà, ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má rẹ́rìn-ín o.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ó doṣù tó ń bọ̀.